Ìfiwéra ló ń gba ẹ̀rọ là: Ìtàn ìfaradà nínú sákíìtì analog, àti ohun tó kàn wá nínú ìwádìí ohùn Yorùbá

1. Ìfáárà

Káṣẹ́ẹ̀tì méjì ló bí iṣẹ́ yìí. Wọ́n gba ìtàn tí ìyá àgbà kan ń sọ sílẹ̀ sórí wọn ní agbègbè Ṣábẹ̀ẹ́, ní ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mi. Ẹni tó gba ohùn náà kọ orúkọ abúlé àti ọjọ́ sí ara páálí wọn, ṣùgbọ́n kò kọ irú ẹ̀rọ tó lò. Nígbà tí mo fẹ́ kó ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà ní Parakou, mo yá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mẹ́ta, irú èyí tí àwa ń pè ní magnétophone. Ìtàn kan náà, láti ẹnu ènìyàn kan náà, jáde lórí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ìwọ̀n mẹ́ta tó yàtọ̀ síra. Lórí ẹ̀kẹta, gbogbo ohùn ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn títí dé òpin. Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé àwọn onítàn agbègbè yìí máa ń rẹ ohùn wálẹ̀ bí ìtàn bá ń sún mọ́ ìparí. Ní ọjọ́ kejì, mo pààrọ̀ òkúta inú ẹ̀rọ náà. Ìwálẹ̀ ohùn náà pòórá. Òkúta tó ń kú lọ ni mo ti fẹ́ fi ṣe orí kan nínú ìwé ìwádìí mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé: báwo ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ṣe ń fi èròjà tí kò dúró sójú kan, tí ooru ń yí padà, tí ọjọ́ orí ń yí padà, tí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ń yí padà, ṣe ohun tó dúró? Ìtàn ìdáhùn ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé. Èrò mi ni pé ọgbọ́n tí àwọn oníṣẹ́ sákíìtì dé sí lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún kò jìnnà sí ọgbọ́n tí ohùn Yorùbá fi ń ṣiṣẹ́: wọn kì í gbẹ́kẹ̀ lé iye kan ṣoṣo, ìfiwéra ni wọ́n ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ìjọra náà ní ibi tó parí sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ìwádìí wa ti lè bàjẹ́.

2. Ọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, apá kìíní (1984) àti apá kejì (1990), fún wa ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ iná kọ́ ni wọ́n dojú kọ. Nítorí náà, mo fi ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣẹ́ rédíò mọ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà: tíránsísítọ̀, résísítọ̀, fóltéèjì, sákíìtì. Mo pe ẹyọ sílíkọ́nì kan tí odindi sákíìtì wà lórí rẹ̀ ní ṣíìpù. Mo sì pe àbùdá ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ nígbà tí ipò yí padà ní ìfaradà.

Ẹ̀rọ analog ni èyí tí iná inú rẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn bí òjìji ṣe ń tẹ̀lé ènìyàn. Bí ohùn bá lọ sókè díẹ̀, iná náà á lọ sókè díẹ̀. Ẹ̀rọ digital kò mọ̀ ju méjì lọ: ó wà, kò sí. Àṣìṣe kékeré lè bọ́ sínú digital kí ó má já mọ́ nǹkan kan, nítorí pé "ó wà" tí ó rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀ ṣì jẹ́ "ó wà." Nínú analog, kò sí ohun tó ya àṣìṣe sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí a rán ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí ìfaradà fi ṣòro níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ.

3. Ìdápadà: ọdún 1927

Ní àwọn ọdún 1920, àwọn onítẹlifóònù Amẹ́ríkà fẹ́ kí ohùn ènìyàn la orílẹ̀-èdè wọn já lórí wáyà. Ohùn ń rẹ̀wẹ̀sì lójú ọ̀nà, wọ́n sì ní láti máa fi ẹ̀rọ amóhùngbòòrò gbé e dìde láti ibùdó kan dé òmíràn. Inú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni gílóòbù kan wà tí àwọn oníṣẹ́ rédíò tó gbọ́ Faransé ń pè ní lampe. Kò sí méjì nínú wọn tó bára mu pátápátá, wọ́n sì ń darúgbó. Àbùkù kékeré nínú ọ̀kan á di ńlá nígbà tí ohùn bá gba inú ọ̀pọ̀ wọn kọjá, bí iṣẹ́ tí a rán láti ẹnu dé ẹnu.

Harold Black, ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ní Bell Labs, gbìyànjú fún ọ̀pọ̀ ọdún láti mú gílóòbù náà dára sí i. Kò rí i ṣe. Ní ọjọ́ kejì oṣù Ògún ọdún 1927, nígbà tó wà lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e sọdá odò Hudson lọ síbi iṣẹ́, èrò mìíràn sọ sí i lọ́kàn. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé ìwé ìròyìn New York Times tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò náà ni pé kí a má ṣe wá gílóòbù tó pé mọ́. Kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ ní agbára ju èyí tí a nílò lọ fíìfíì, kí a wá mú díẹ̀ nínú ohun tó ń jáde, kí a dá a padà sí ẹnu ọ̀nà ní ìdojúdé, kí ó máa yọ kúrò nínú ohun tó ń wọlé. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ ṣe àṣejù, ohun tó ń padà bọ̀ á fà á sẹ́yìn. Bí ó bá rẹ̀wẹ̀sì, ohun tó ń padà á dínkù, ẹ̀rọ á sì tún gbérí.

Iye tí ẹ̀rọ náà yóò fi sọ ohùn di ńlá kò wá sí lọ́wọ́ gílóòbù mọ́. Ó wà lọ́wọ́ ìfiwéra láàárín èròjà kékeré méjì tó ń dá ohùn padà. Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Bí agbára ẹ̀rọ kan bá jẹ́ 200,000, tí a sì ń dá ìdá kan nínú mẹ́wàá padà, ohun tó máa jáde yóò jẹ́ ìlọ́po 9.9995. Bí agbára náà bá já wálẹ̀ sí 100,000, ó di 9.9990. Ìdajì agbára ti lọ, etí kankan kò sì lè mọ̀. Black tẹ àlàyé rẹ̀ jáde ní ọdún 1934, ìwé àṣẹ ìdásílẹ̀ rẹ̀ kò sì jáde títí di ọdún 1937, nítorí pé ó ṣòro fún àwọn ènìyàn láti gbà pé a lè sọ agbára nù kí a sì jèrè.

4. Ìfiwéra: àkàrà inú agbada kan

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 1958, Jack Kilby fi ṣíìpù àkọ́kọ́ rẹ̀ han àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Texas Instruments. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Robert Noyce ní Fairchild ṣàlàyé ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é tí yóò rọrùn láti pọ̀ yanturu. Ọ̀nà tuntun yìí mú ìṣòro tuntun wá. Tẹ́lẹ̀, oníṣẹ́ lè lọ sọ́jà, kó ra résísítọ̀, kó wọ̀n ọ́n, kó sọ èyí tí kò dára nù. Lórí ṣíìpù, kò sí yíyàn. Gbogbo èròjà ló jọ jáde láti inú ààrò kan náà, iye résísítọ̀ sì lè yàtọ̀ sí èyí tí a fẹ́ ní nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa àkàrà. Iyọ̀ tòní lè pọ̀ ju tàná lọ, síbẹ̀ àkàrà méjì láti inú agbada kan náà kì í fi iyọ̀ yàtọ̀ síra. Bẹ́ẹ̀ náà ni résísítọ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ṣíìpù kan. Bí iye ìkínní bá fi ìdá ogún pọ̀ jù, ti ìkejì náà á fi nǹkan bí ìdá ogún pọ̀ jù. Ìfiwéra àwọn méjèèjì lè péye dé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí kó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ òtítọ́ yìí di ìlànà iṣẹ́ ni Bob Widlar. Ní Fairchild, òun àti Dave Talbert, tó mọ iṣẹ́ ààrò, ṣe µA702 ní 1964 àti µA709 ní 1965. Àwọn mìíràn ń gbìyànjú láti kó sákíìtì àtijọ́ sórí sílíkọ́nì bó ṣe rí, Widlar ní kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ó ń to tíránsísítọ̀ ní méjìméjì. Bí ìkínní bá ń gbé iye iná kan, ìkejì tó jọ ọ́, tó wà nínú ooru kan náà, á gbé iye kan náà, bí ènìyàn àti àwòrán rẹ̀ nínú dígí. Nígbà tí ooru bá dé, méjèèjì á jọ yí padà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò sì ní yẹ̀.

µA709 ní àléébù tirẹ̀. Bí wáyà ìjáde rẹ̀ bá ṣèèṣì kan ilẹ̀, ó lè jóná. Ẹni tó rà á sì gbọ́dọ̀ so èròjà mọ́ ọn láti ìta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í hu fúnra rẹ̀. Widlar lọ sí National Semiconductor, ó sì fi LM101 ṣe àtúnṣe púpọ̀ ní 1967. Ní 1968, Dave Fullagar ní Fairchild gbé µA741 jáde, ó fi èròjà tó ń dá híhu dúró sínú ṣíìpù gan-an. Ẹni tó rà á kò ní ohun tó lè gbàgbé mọ́. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń tà á. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ìfaradà kò mọ sí ooru àti iná nìkan. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fara da ọwọ́ ẹni tó ń lò ó pẹ̀lú.

5. Òṣùwọ̀n àti ìdagẹ̀rẹ̀

Ìfiwéra nìkan kò tó. Ẹni tó mọ̀ pé aṣọ yìí gùn ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjì kò tíì mọ gígùn èyíkéyìí. Ẹ̀rọ nílò òṣùwọ̀n kan tí kì í yẹ̀. Níbo ni a ti máa rí i nínú sílíkọ́nì tí ohun gbogbo rẹ̀ ń yí padà bí ooru bá dé? Ìdáhùn náà jinlẹ̀. Fóltéèjì kan wà nínú tíránsísítọ̀ tó ń fi nǹkan bí 2 mV wálẹ̀ fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ láàárín irú fóltéèjì bẹ́ẹ̀ méjì, nígbà tí a bá fi iná púpọ̀ sínú ọ̀kan ju èkejì lọ, ń gòkè ní tirẹ̀ bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i. Bí a bá sọ èyí tó ń gòkè di púpọ̀ tó, tí a rò ó pọ̀ mọ́ èyí tó ń wálẹ̀, àpapọ̀ wọn á dúró sí nǹkan bí 1.2 V. David Hilbiber ní Fairchild fi ọ̀nà náà hàn ní 1964. Widlar sọ ọ́ di ṣíìpù títà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Paul Brokaw ní Analog Devices sì tún un ṣe ní 1974. Ohun méjì tí kò dúró ni wọ́n fi ṣe ohun kan tó dúró.

Nígbà mìíràn, òṣùwọ̀n kò tilẹ̀ pọn dandan. Hans Camenzind, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ fún Signetics, ya 555 ní 1971. Ṣíìpù tó ń ka àkókò ni. Résísítọ̀ mẹ́ta tó dọ́gba ló pín iná tó wọlé sí mẹ́ta. Ṣíìpù náà ń wo bí kàpásítọ̀ kan ṣe ń kún láti àmì ìdá kan dé àmì ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí iná bá jẹ́ 12 V, àmì náà jẹ́ 4 àti 8. Bí ó bá já wálẹ̀ sí 9 V, wọ́n di 3 àti 6. Kíkún náà á falẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, àkókò kò sì ní yí padà. Ẹni tó bá ti gbé Parakou, tó mọ bí gílóòbù ilé ṣe ń pọ́n tó ń ṣú ní alẹ́, á mọ iyì èyí.

Ṣùgbọ́n ọ̀tá kan ṣẹ́kù, tí ìfiwéra lásán kò lè borí: ìdagẹ̀rẹ̀. Bí apá òsì ṣíìpù bá gbóná ju apá ọ̀tún lọ, èròjà méjì tó yẹ kó jọra kò ní jọra mọ́. Ìdáhùn àwọn oníṣẹ́ ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n pín èròjà kọ̀ọ̀kan sí méjì. Dípò kí wọ́n tò wọ́n ní A A B B, wọ́n tò wọ́n ní A B B A. Nígbà náà, àárín A àti àárín B bọ́ sójú kan, ìdagẹ̀rẹ̀ sì jẹ wọ́n níyà bákan náà. Àṣìṣe tí kò ní ìlànà, tó kàn ń ṣẹlẹ̀, ní ìdáhùn mìíràn. Marcel Pelgrom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philips fi hàn ní 1989 pé bí a bá sọ ààyè tí èròjà gbà di ìlọ́po mẹ́rin, ìyàtọ̀ láàárín méjì á dínkù sí ìdajì. Láti 1973 tí SPICE ti jáde ní Berkeley, oníṣẹ́ lè dán sákíìtì rẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà nínú ooru, nínú òtútù, pẹ̀lú èròjà tó dára àti èyí tí kò dára, kí ó tó ná kọ́bọ̀ sórí sílíkọ́nì.

6. Ilé-Ifẹ̀ nínú ìtàn yìí

Kì í ṣe Amẹ́ríkà àti Yúróòpù nìkan ni ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1998, Jesús del Alamo ní MIT ṣe yàrá ìdánwò kan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀n tíránsísítọ̀. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó Carnegie Corporation, iṣẹ́ náà dé Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Makerere ní Uganda àti Dar es Salaam ní Tanzania. Àwọn ará Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n L. O. Kehinde wà lára wọn, kò kàn máa lo ti MIT. Wọ́n ṣe yàrá ìdánwò tiwọn fún op-amp, ìyẹn ìdílé µA741 gan-an, wọ́n sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2008. Níbi tí ohun èlò ti wọ́n, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ kan ṣoṣo kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

7. Ohùn Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ètò afaradà

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Igbá, igba àti igbà yàtọ̀ síra nípa ohùn nìkan. Ká sọ pé bàbá kan pe ohùn ìsàlẹ̀ ní 100 Hz, ohùn àárín ní 120, ohùn òkè ní 150. Ká sọ pé ọmọ rẹ̀ pè wọ́n ní 200, 240 àti 300. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọ ga ju ohùn òkè bàbá lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa gbé igbá fún ọmọ tó ní kí wọ́n gbé igbà wá. Etí kò bìkítà fún iye Hz. Bí ohùn kan ṣe rí sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni etí ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni dùndún: bí awọ rẹ̀ bá dẹ̀ nítorí ọ̀rinrin, tí ìlù sì ń dún nísàlẹ̀ ju tàná lọ, ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò sọnù. Gbogbo rẹ̀ ló jọ lọ sílẹ̀. Résísítọ̀ Widlar nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ bá ń fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún yára jù, ohùn bàbá yẹn á di 105, 126 àti 157.5. Ìfiwéra wọn kò yí padà, ìtúpalẹ̀ wa kò sì bàjẹ́. Ibi tí wàhálà wà ni ìdagẹ̀rẹ̀. Káṣẹ́ẹ̀tì ń sáré 4.76 cm ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí òkúta bá ń kú nígbà tí a ń gbọ́ ọ, eré rẹ̀ á máa dínkù, ohùn á sì máa wálẹ̀. Bí òkúta bá ń kú nígbà tí a ń gba ohùn sílẹ̀, tí a wá gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ tó dára, òdì rẹ̀ ni a máa gbọ́: ohùn á máa gòkè. Ìkínní á dá ìwálẹ̀ tí kò sí sílẹ̀. Ìkejì á bo ìwálẹ̀ tó wà mọ́lẹ̀.

Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé ìwálẹ̀ ohùn wà ní tòótọ́ nínú èdè wa. Connell àti Ladd kọ nípa rẹ̀ ní 1990, Yétúndé Láníran fi ṣe ìwé ìwádìí ọ̀mọ̀wé ní 1992, òun àti Clements sì padà sórí rẹ̀ ní 2003: bí ohùn òkè ṣe ń já wálẹ̀ lẹ́yìn ohùn ìsàlẹ̀, àti bí ó ṣe ń ga sí i ṣáájú rẹ̀. Ohun tí òkúta tó ń kú ń ṣe àti ohun tí ẹnu ènìyàn ń ṣe lè jọ ara wọn lójú àwòrán kọ̀ǹpútà. Ẹnu kì í ṣe ṣíìpù; ìwálẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe àbùkù tí a gbọ́dọ̀ mú kúrò, gírámà ni. Iṣẹ́ wa ni láti ya méjèèjì sọ́tọ̀.

8. Ohun tí a lè yá lọ́wọ́ wọn

Àkọ́kọ́ ni òṣùwọ̀n. Àwọn aṣáájú wa mọ èyí kí ṣíìpù tó dé. Ní ilé àkójọ ohùn tí Carl Stumpf dá sílẹ̀ ní Berlin ní 1900, tí Erich von Hornbostel wá darí, wọ́n ní kí àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ kọ́kọ́ fun fèrè kékeré kan tó ń dún ní 435 Hz sórí ìda. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún á mọ eré tó yẹ kó sá. Fún káṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà nígbà tí ẹ̀rọ wà lórí iná ilé, híhu iná náà, 50 Hz, lè ṣe iṣẹ́ fèrè yìí. Ohùn tí a bá fi òkúta gbà ní abúlé kì í ní in.

Èkejì ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Bí a bá fẹ́ fi irú gbólóhùn méjì wéra, kí a má ṣe gba gbogbo A tán kí a tó gba B. Kí a gbà wọ́n ní A B B A. Bí ẹ̀rọ bá ń yẹ̀, tàbí tó bá ń rẹ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ìyà náà á pín dọ́gba.

Ẹ̀kẹta ni kí a máa kọ ìfiwéra sílẹ̀, kì í ṣe Hz nìkan, kí a sì máa kọ irú ẹ̀rọ àti irú iná tí a lò. Lóòótọ́, ẹ̀rọ digital òde òní ń fi kírísítà quartz ṣọ́ eré rẹ̀, kò sì ní irú àrùn káṣẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n analog ṣì ni máíkì rẹ̀, àti sákíìtì tó kọ́kọ́ gba ohùn lọ́wọ́ máíkì.

9. Ìkádìí

Láti Black títí dé Pelgrom, kò sí ẹni tó rí èròjà tó pé. Wọ́n gbà pé kò sí, wọ́n sì wá ètò tí àìpé kò lè dà rú. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ Yorùbá ti ní irú ètò bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́ lẹ́nu.

Ní ti káṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì, kò sí fèrè lórí wọn, kò sí híhu iná. Mi ò lè mọ̀ bóyá òkúta ẹni tó gba ohùn náà ń kú lọ́jọ́ yẹn. Mo ti fa igi lé ohun tí mo kọ nípa ìwálẹ̀ ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn dé òpin. Ohun tí mo ṣì ń lò ni ohùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú gbólóhùn kan, níbi tí òkúta kò ti ní àyè láti purọ́ púpọ̀. Orí tí mo fẹ́ kọ ti kúrú, ṣùgbọ́n ohun tó kù nínú rẹ̀, ìyá àgbà yẹn ló sọ ọ́.